Ọ̀dà Ara Ògiri àti Ọwọ́ Tí Ó Kùn Ún

Ilé kan wà ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, tí à ń pè ní Victoria Mansion. Ọdún 1858 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1860. Ruggles Morse tí ó kọ́ ọ jẹ́ onílé-ìtura ní New Orleans, ìlú tí wọ́n ti ń ta ẹrú ní gbangba nígbà náà. N kò lè ròyìn ẹwà ilé náà kí n fi èyí pamọ́.

Giuseppe Guidicini, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ni ó kun inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbójú sókè wo àjà yóò rò pé igi tàbí òkúta ni wọ́n gbẹ́ lọ́nà sí i. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dà lásán ni. Òjìji tí a fi búrọ́ọ̀ṣì yà ni ó ń tan ojú jẹ. Ẹni tí yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ yàrá, kí òjìji tí ó yà má baà ta ko ti ojúmọ́.

Ní 1940, ilé náà ti ṣófo, wọ́n sì fẹ́ wó o kí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ilé epo mọ́tò. Olùkọ́ kan, William Holmes, ni ó rà á. Ní 1941 ó ṣí i fún ará ìlú, ó sì fi sọrí Ọbabìnrin Victoria. Níbi tí ọ̀dà bá ti bó, àwọn atúnṣe kì í tún gbogbo ògiri kùn. Ojú egbò nìkan ni wọ́n ń dí, pẹ̀lú ọ̀dà tí ó ṣeé nù kúrò lọ́jọ́ iwájú. Ọwọ́ Guidicini ni wọ́n ń ṣọ́.

Ohun tí wọ́n ń sá fún yìí gan-an ni àṣà àwọn obìnrin akùnlé ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀. Bí ọdún òrìṣà bá ń bọ̀, wọn a tún ògiri kùn, wọn a ya ọnà tuntun bo ti èṣí. Ará Portland ìbá ké pé wọ́n ba nǹkan jẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Guidicini ti kú, àwòrán rẹ̀ ni ó kù. Ní Ifẹ̀, àwòrán ni ó ń kú, tí ọwọ́ sì ń wà níwọ̀n ìgbà tí ìyá bá rí ọmọ tí yóò kọ́. Bí kò bá rí, kí ni Holmes mìíràn yóò rà? Àwọn onímọ̀ ti ya fọ́tò àwọn ògiri náà. Fọ́tò fi àwọ̀ hàn. Kò sọ iye omi tí wọ́n fi po ẹfun.