Iṣẹ́ tí Ara Ń Ṣe kí Ẹ̀jẹ̀ Má Baà Dì Nínú Iṣan

Ó rọrùn láti rò pé ẹ̀jẹ̀, a-ṣàn-tọ̀sán-tòru, ń ṣàn nítorí pé ìwà rẹ̀ ni, àti pé ìgbà tí ọ̀bẹ bá ṣáni lọ́wọ́ nìkan ni ara ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ṣíṣàn gan-an ni iṣẹ́, nítorí pé ibikíbi tí ẹ̀jẹ̀ bá dé ló ti gbé èròjà dídì dání.

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú iṣan ni olórí aṣọ́nà. Òun ló ń tú prostacyclin jáde, èyí tí ẹgbẹ́ John Vane ṣàwárí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1976, kí àwọn platelet, ègé sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, má baà so mọ́ra. Ara rẹ̀ náà ni antithrombin, tí ẹ̀dọ̀ ń pèsè, ti ń gba agbára láti so thrombin, ọ̀kan nínú èròjà dídì náà, lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Thrombin kò tẹ̀lé òwe yìí. Òun kan náà tó ń sọ fibrinogen di okùn tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì, bó bá ti kúrò lójú ọgbẹ́, tó kan thrombomodulin lára iṣan tí kò légbò, yóò pa ọwọ́ dà, yóò jí protein C dìde, èyí tí òun àti protein S olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ yóò gé èròjà dídì méjì, Factor V àti Factor VIII, tó ti jí sí wẹ́wẹ́, tí thrombin tuntun kò fi ní ráàyè pọ̀ sí i. Èyí tó bá ti dì ná, plasmin ni yóò tú u.

Ẹnì kan lè jà mí níyàn pé eré tí ẹ̀jẹ̀ ń sá ló ń gbà á. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dá rogún a máa dì. Ṣùgbọ́n eré nìkan kò lè ṣàlàyé ìdílé tí Olav Egeberg kọ̀wé nípa wọn ní Norway ní 1965, tí antithrombin wọn kò ju bí ìdajì lọ, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dì sí wọn níṣan léraléra. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Àléébù Factor V tí wọ́n rí ní ìlú Leiden ní 1994, tí protein C kò fi rí i gé dáadáa, tún gbè mí lẹ́yìn.

Àléébù ti Leiden yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n kí a má torí ìyẹn fọwọ́ lẹ́rán. Oyún fúnra rẹ̀ ń dín protein S kù, bí ẹni pé ara ti ń palẹ̀ mọ́ de ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó sì ń dun aboyún, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sí i níṣan; ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgúnmu.