Orúkọ Tí A Ó Sọ Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà onímọ̀ èdè wa ti la ọ̀nà. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìpín kìíní rẹ̀, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti ìpín kejì ní 1990, fi hàn pé Yorùbá lè ṣàlàyé gírámà láìyá ẹnu ẹlòmíì lò. Ẹ wo “agbàbọ̀”: ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń gba àbọ̀. Èyí tí kò gbà á ni “aláìgbàbọ̀”. Ó tán.

Ìgbà tí a bá gbé orúkọ yìí lé Gẹ̀ẹ́sì lórí ni wàhálà dé. Òyìnbó lè ní “She is reading” kó sì dákẹ́. Àwa kì í dédé ní “Ó ń kà”, àfi tí a bá ti mọ ohun tó ń kà. “Ó ń kàwé” la máa ń sọ. Ìwé ti wọnú ọ̀rọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń jẹun, tí a ń kọrin. Abájọ tí ọmọ ilé ìwé fi ń rò pé “She is reading” kò tíì parí. Lójú tèmi, “agbàbọ̀-bó-wù-ú” ló yẹ “read” àti “eat”. Ká fi “agbàbọ̀” gan-an sílẹ̀ fún irú “bring”, tí kò lè dá dúró láìlábọ̀.

“Elélà” ńkọ́? A ń pe “bàjẹ́” bẹ́ẹ̀ torí pé àbọ̀ ń là á sí méjì: “Ó ba aṣọ náà jẹ́.” Ẹ wá wo “Turn the light off”: àárín ni iná wà. Bó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ, àárín yẹn náà ni dandan: “Turn it off”. Ṣùgbọ́n “look after” kì í là. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé “look the child after”. Ká ṣọ́ra níbẹ̀.

“Go” tó di “went”, ẹ má pè é ní aláìtẹ̀lófin, àfi bí ẹni pé ọlọ́pàá ń wá a. “Adáyàtọ̀” ti tó.

Èyí tó le jù ni “is” inú “She is tall”. “Ó ga” ni tiwa. “Ga” fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe. A ò lè pe “is” ní asopọ̀, “àti” pẹ̀lú “ṣùgbọ́n” ti ń jẹ́ orúkọ yẹn. “Asọbótirí” ni mo dábàá, ó gba “seem” àti “become” mọ́ra. Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń fi Yorùbá ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì, ẹ dán an wò ní kíláàsì. Bí ẹ bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, ẹ gbé e síta.