Tọkọtaya àti Ìfẹ̀yìntì Lẹ́nu Iṣẹ́

Kí iṣẹ́ ìjọba tó dé ilẹ̀ Yorùbá, àgbẹ̀ kò ní ọjọ́ kan pàtó tí ó ń fẹ̀yìn tì. Bí agbára rẹ̀ bá ti ń dín kù ni ó ń fi oko tó jìnnà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, tí òun fúnra rẹ̀ á máa ro oko etílé. Ìyàwó rẹ̀ ní ìṣirò tirẹ̀, nítorí òwò rẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ, àpò owó wọn kò sì jẹ́ ọ̀kan. Nígbà tí kò bá lè ru ẹrù lọ sí ọjà ọ̀nà jíjìn mọ́, á pàtẹ síwájú ilé, tàbí kí ó jókòó máa ran òwú. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń sinmi; bí òkété bá sì dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Iṣẹ́ oṣù ni ó yí ètò yìí padà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 1951, tí wọ́n ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1946, sọ ìsinmi di ohun tí à ń ṣírò lórí ìwé. Òmíràn tẹ̀lé e ní 1979. Ó wá di ìlànà pé bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá pé ọdún 60 lórí eèpẹ̀, tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni òpin.

Ṣùgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan ni òfin ń kà, kì í ka tọkọtaya. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọkọ ni ó dàgbà jù. Òun á ti fẹ̀yìn tì, á fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀. Ìyàwó tó jẹ́ olùkọ́ á ṣì ku ọdún mélòó kan. Bí ó bá tẹ̀lé ọkọ, owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ á dín kù. Bí ó bá dúró, ilé á pín sí méjì. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2022, tí ó sún òpin iṣẹ́ olùkọ́ sí ọdún 65 lọ́jọ́ orí tàbí 40 lẹ́nu iṣẹ́, lè mú kí àlàfo náà gùn sí i.

Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì ń falẹ̀, kí òfin 2004 tó ní kí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ máa dá owó pamọ́, ọjà ìyàwó ni ó gbé ọ̀pọ̀ ilé ró. Ẹni tí ó ń tajà bẹ́ẹ̀ kò lè fi àtẹ sílẹ̀ kìkì nítorí pé ọkọ ti gba ìwé ìsinmi. Nítorí náà, kí ọjọ́ náà tó kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ó yẹ kí tọkọtaya ti jọ jókòó sọ ọ́.