Oúnjẹ Yí Padà, Ọwọ́ Tó Ń Sè É Kò Yí

Bí ọkùnrin kan bá mú orógùn lónìí ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ, àwọn ará ilé yóò rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ìyàwó rẹ̀ ti fún un ní nǹkan jẹ. Wọ́n á tún ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ọkùnrin ń roko, obìnrin ń dáná. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn oúnjẹ wa, kí a mọ ohun tí àwọn baba wa ń jẹ, ẹni tó ń sè é, àti iye ọwọ́ tó wà nídìí iṣẹ́ náà.

Kí àgbàdo àti gbágùúdá tó dé, iṣu ni àgbà oúnjẹ, pẹ̀lú ọkà bàbà, ẹ̀wà, egúsí, ẹ̀fọ́ àti epo pupa. Iṣu kò ní wàhálà púpọ̀. A lè sun ún, a lè sè é, ó ti di jíjẹ. Ọkùnrin tó bá sùn sóko fún ọjọ́ mẹ́ta, ta ló ń dáná fún un? Òun fúnra rẹ̀ ni. Ó ń sun iṣu, ó ń fi epo jẹ ẹ́. Ọdẹ tó wọ igbó lọ ń yan ẹran, ó sì ń se ọbẹ̀ ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé oko ló wà. Ilé ni ẹ̀gàn ti ń dúró dè é.

Nínú ilé, obìnrin ló ń sè é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ṣoṣo kọ́. Nínú agbo ilé, ìyálé wà, ìyàwó wà, ìyá ọkọ wà, àwọn ọmọbìnrin wà. Wọ́n ń pín ọjọ́ oúnjẹ láàárín ara wọn. Ẹni tí ọjọ́ kò kàn á lọ sí ọjà tirẹ̀. Ní àárọ̀, ọ̀pọ̀ ilé kì í tilẹ̀ dáná: wọ́n á ra ẹ̀kọ àti àkàrà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, bí a ti ń ṣe ní Àjàṣẹ́ títí di òní. N kò sọ pé ayé àwọn obìnrin ìgbà náà dùn. Owú orogún kì í ṣe ohun kékeré. Iye ọwọ́ ni mo ń kà.

Lẹ́yìn ọdún 1500 ni àgbàdo àti gbágùúdá dé etí òkun wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Ọkọ̀ àwọn ará Potogí ló gbé wọn, ní ìgbà òwò ẹrú. Àgbàdo dára: ó ti ń gbó nígbà tí iṣu ṣì wà nínú ebè. Gbágùúdá náà dára: ilẹ̀ tó ti ṣá kò bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó wà nínú wọn. Àgbàdo tí a fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ, a ó rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a ó fọ̀ ọ́, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó jẹ́ kí ó sílẹ̀, kí a tó gbé e kaná. Orí ọlọ ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ nígbà náà, lórí ìkúnlẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbágùúdá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé májèlé wà nínú àwọn irú rẹ̀ kan. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ láìṣe é dáadáa lè kú. Nítorí náà a ó bó o, a ó rin ín, a ó dì í sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro, a ó kù ú, a ó wá yan án nínú èéfín kí ó tó di gàrí.

Àwọn Àgùdà wà lára àwọn tó mú kí gàrí gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú dìde ogun ní Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsílì. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Nàgó bíi tiwa. Wọn kò borí. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn padà wá sí Èkó, Àjàṣẹ́, Wídà àti Àgúẹ́. Wọ́n mọ gbágùúdá dunjú, nítorí pé ìyẹ̀fun rẹ̀ ni wọ́n ń fún ẹrú jẹ lọ́hùn-ún. Wọ́n tún mú feijoada wá, ẹ̀wà tí a sè pẹ̀lú ẹran. Àwọn ọmọ wọn ní Àjàṣẹ́ ṣì ń sè é ní ọjọ́ ọdún.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn Faransé dé, wọ́n sì fi Àjàṣẹ́ ṣe olú ìlú Dahomey. Wọ́n wá ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún wọn. Ta ni wọ́n mú? Ọkùnrin ni. Kúkù òyìnbó ń bó ànàmọ́ òyìnbó, ó ń din ẹran, ó ń fọ àwo, ó sì ń gba owó oṣù. Àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún un. Bí ó bá di alẹ́, yóò padà sílé, yóò jókòó sórí àga, yóò máa retí kí ìyàwó gbé oúnjẹ wá. Ẹ rò ó wò. Kì í ṣe iná ni ọkùnrin ń sá fún. Iná tí kò sí owó lórí rẹ̀ ni. Bákan náà ló rí nígbà tí ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo dé. Obìnrin ló ni ọlọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló sábà máa ń dúró ti ẹ̀rọ, tó ń gba owó.

Ní 1899, àwọn Faransé gbé owó orí kalẹ̀. Ọkùnrin ní láti wá owó kiri, wọ́n sì tún ń mú un lọ sí iṣẹ́ tipátipá, èyí tí òfin kò fi òpin sí títí di 1946. Oko tó fi sílẹ̀, ìyàwó ló ń bá a tọ́jú, láìfi ìkòkò sílẹ̀. Ní 1931, wọ́n ṣe ìwé kan tí wọ́n ní àṣà Dahomey ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin kò ní agbára kankan lábẹ́ òfin, pé ó wà lára ohun ìní ọkùnrin. Àwọn tó ń sọ pé àṣà baba wa ni gbogbo rẹ̀ kò mọ̀ pé òyìnbó ló bá wa kọ apá kan.

Ní àkókò kan náà, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí a bí ní Jàmáíkà, ń ṣiṣẹ́ ní Accra. Ó rí àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí awọ ara wọn ń bó, tí wọ́n sì ń kú. Ó kọ nípa wọn ní 1933. Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ nítorí àbúrò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kí ni wọ́n ń fún wọn jẹ? Àkàsà àti kẹ́ńkẹ́, àgbàdo lásán. Orúkọ tí àwọn Gáà ń pe àrùn náà, kwashiorkor, ni gbogbo ayé fi ń pè é di òní.

Àkàsà yìí ni ẹ̀kọ wa. Ó ń yó ọmọ, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè kọ́ ara ọmọ. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹja, ẹyin àti ẹran ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ̀wà sì wà lóko wa kí àgbàdo tó dé! Ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ lórí iná. Ìyá tó ti oko dé, tó lọ pọn omi, tó ní ọmọ lẹ́yìn, ẹ̀kọ ló máa ń yá a lọ́wọ́. Bí ẹran kékeré bá sì wà nínú ọbẹ̀, ti baba ni. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè.

Òfin ti yí padà. Òfin ilẹ̀ Benin ti 1990 sọ pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba. Ní 1996, ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin náà sọ pé ìwé 1931 kò ní agbára òfin. Òfin ìdílé ti 2004 wá sọ pé ọkọ àti aya ni yóò jọ máa gbé ìnáwó ilé, kálukú gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀. Kò dárúkọ orógùn o.

Ọwọ́ tó wà nínú ilé náà ti dín kù. Láti 2006, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ti di ọ̀fẹ́, àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ ata tẹ́lẹ̀ sì wà níbẹ̀ ní àárọ̀, bó ti yẹ. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ń gbé yàrá kan ní Kútọnu tàbí ní Èkó, láìsí ìyá ọkọ, láìsí ìyálé. Iṣẹ́ tí ọwọ́ márùn-ún ń ṣe ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan. Ọwọ́ kejì tó kù nínú yàrá náà ni ti ọkọ.

Àwọn ọkọ kan ti bẹ̀rẹ̀. Òmíràn ń gbé àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Òmíràn ń ṣa ẹ̀wà ní alẹ́, ó ń rẹ ẹ́ sómi kó tó sùn. Ẹ̀wà tó bá sun inú omi mọ́jú máa ń tètè jinná ní àárọ̀, kì í sì í jẹ igi púpọ̀.