Ọ̀mọ̀wé tí ó Fi Orúkọ Bojú: Ìgbésí Ayé àti Iṣẹ́ Kir Bulychev (1934–2003)

Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ Igor Vsevolodovich Mozheiko fún àwọn ará Rọ́ṣíà tí wọ́n dàgbà láàárín ọdún 1970 sí 1990, ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn má mọ ẹni tí à ń wí. Ṣùgbọ́n bí a bá ní Kir Bulychev, kíá ni wọn yóò dá orúkọ náà mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì ń jẹ́ orúkọ méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ ni orúkọ òpìtàn tí ó ń ṣe ìwádìí lórí ilẹ̀ Bọ́mà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba ní Moscow. Èyí kejì ni orúkọ ẹni tí ó ń kọ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì fún tọmọdé tàgbà. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni ìdí tí ọ̀mọ̀wé náà fi fi iṣẹ́ kejì pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti bí iṣẹ́ méjèèjì ṣe tan mọ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé títí di òní, èrò àwọn kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni pé ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn fún ọmọdé kò tíì ríṣẹ́ ṣe.

Láti ògbufọ̀ dé òpìtàn

Moscow ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 18, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1934. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ èdè ilẹ̀ òkèèrè ni ó lọ, ó sì parí níbẹ̀ ní ọdún 1957. Kò pẹ́ tí ó fi di ògbufọ̀ ní Bọ́mà, orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Myanmar lónìí, fún ọdún méjì. Ìjọba Sófíẹ́tì ń wá ọ̀rẹ́ nígbà náà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Wọ́n ń bá wọn kọ́lé, wọ́n ń rán onímọ̀ ẹ̀rọ lọ bá wọn, ògbufọ̀ sì di ẹni tí iṣẹ́ kò lè lọ láìsí i.

Nígbà tí ó padà dé ní 1959, ó wọ ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa àwọn ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn láti tún kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ní ètò ẹ̀kọ́ Rọ́ṣíà, ìpele méjì ni oyè ọ̀mọ̀wé pín sí, àpilẹ̀kọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó bá fẹ́ dé òkè pátápátá gbọ́dọ̀ kọ. Mozheiko kọ àkọ́kọ́ lórí ìjọba Pagan, ìyẹn ìjọba àwọn ọba Bọ́mà tí ó gbilẹ̀ láti sẹ́ńtúrì 11 dé sẹ́ńtúrì 13. Èkejì, tí ó gbèjà rẹ̀ ní 1981, dá lé àjọṣe tí ó wà láàárín ẹgbẹ́ àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Buddha àti ìjọba ní Bọ́mà. Iṣẹ́ tí kì í ṣe eré rárá ni, ẹni tí ó bá sì wo ti èyí nìkan yóò rò pé òun ti mọ ẹni tí ó kọ ọ́.

Orúkọ àbòjú

Ní ọdún 1965, ìwé àtìgbàdégbà kan tẹ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì kan jáde. Wọ́n ní Maung Sein Ji, òǹkọ̀wé ará Bọ́mà, ni ó kọ ọ́, pé ńṣe ni wọ́n kàn túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Rọ́ṣíà. Kò sí òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀. Mozheiko fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn náà. (Òpìtàn tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ yíyẹ ẹ̀rí wò ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ayédèrú ẹ̀rí yìí, bóyá ó sì gbádùn rẹ̀.)

Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ nípa bí iṣẹ́ náà ṣe wọ̀ ọ́ lára tún pani lẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tí ń yẹ ìwé wò fún ìjọba fagi lé ìtàn òkèèrè kan tí ó yẹ kí ó jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Iskatel, bẹ́ẹ̀ wọ́n sì ti tẹ èèpo ẹ̀yìn ìwé náà tán. Àwòrán dáínọ́sọ̀ kékeré kan tí ó wà nínú ìgò lórí àga ni ó wà lára èèpo náà. Owó ti wọlé sí i, kò ṣeé dànù. Àwọn ọ̀rẹ́ pinnu pé kí oníkálukú lọ kọ ìtàn tí yóò bá àwòrán náà mu láàárín òru kan. Ti Mozheiko ni wọ́n mú, ó sì jáde ní 1967. Àkọlé rẹ̀ ń béèrè ìgbà tí àwọn dáínọ́sọ̀ parun.

Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí ni orúkọ Kirill Bulychev bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Láti ara orúkọ ìyàwó rẹ̀, Kira, ni ó ti fa Kirill yọ; Bulycheva sì ni orúkọ ilé bàbá ìyá rẹ̀. Àwọn olótùú ń gé Kirill kúrú sí ‘Kir.’ pẹ̀lú àmì ìdánudúró, nígbà tí ó yá, àmì náà bọ́, Kir sì dúró. Ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ó gbà pé bí àwọn ọ̀gá rẹ̀ bá mọ̀ pé òun ń kọ ìtàn nípa àlejò láti ojú sánmà, wọn yóò sọ pé kò gbájú mọ́ iṣẹ́, iṣẹ́ sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan lè pe èyí ní ojo. Èrò tiwa ni pé ọgbọ́n ni, nítorí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba kan ṣoṣo kò ní ibòmíràn tí yóò sá lọ.

Alisa, Guslyar àti ọ̀nà àárín òkè

Ní 1965 kan náà ni Alisa Selezneva jáde, ọmọbìnrin tí ó ń gbé ní ìparí sẹ́ńtúrì 21, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ onímọ̀ nípa ẹranko ojú sánmà. Ọmọ bíbí inú òǹkọ̀wé náà ni ó ni orúkọ yìí kí ó tó di ti inú ìwé. Alisa kì í bẹ̀rù, ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà, ó sì máa ń ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó má ṣe. Láìsí àní-àní, àwọn ìwé Alisa tí ó kọ gbẹ̀yìn kò ládùn tó àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó kọ fún àgbà ni àwọn ìtàn ìlú Guslyar Ńlá, ìlú kékeré kan ní àríwá Rọ́ṣíà tí ó fi ìlú Veliky Ustyug ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀. Níbẹ̀, àlejò láti pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn lè dé lọ́sàn-án gangan, kí àwọn ará àdúgbò sì máa bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé tí a fẹ́ kí olùkọ́ kà ju gbogbo wọn lọ ni Pereval (1980), tí ó padà di apá kìíní ìwé ńlá kan tí ó jáde ní 1988. Ìtumọ̀ àkọlé náà ni ọ̀nà tí ó gba àárín òkè kọjá. Ọkọ̀ ojú sánmà kan já lulẹ̀ sórí pílánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn kò gbé. Ìtànṣán olóró ń jò nínú ọkọ̀ náà, àwọn tí ó yè sì sá gba orí òkè oníyìnyín kọjá, wọ́n tẹ abúlé kan dó sínú igbó. Ó tó ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìkókó ìgbà náà ti di ọ̀dọ́. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Arúgbó ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ nípa ilé ayé, ayé tí wọn kò fojú rí rí. Dick, tí ó mọ ọdẹ ṣe, kò rí ohun tí ẹ̀kọ́ náà fẹ́ fi bọ́ òun. Igbó ni ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ó wà lẹ́yìn òkè ni ó gba ọkàn Oleg ní tirẹ̀. Ẹ̀rù tí ń ba àwọn àgbà ni pé bí àwọn bá kú, ìran tí ó kàn yóò gbàgbé ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n gbéra lọ wá ọkọ̀ náà, Thomas, àgbà kan ṣoṣo tí ó ń ṣe amọ̀nà wọn, kú lójú ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni ó dé ibẹ̀.

Olùkọ́ wo ni akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì bi ní ìbéèrè Dick? Ohun tí a fẹ́ràn ni pé Bulychev kò fi Dick ṣe òmùgọ̀. Láìsí ọdẹ rẹ̀, ebi tàbí ẹranko ni ìbá pa gbogbo wọn; láìsí ẹ̀kọ́ Arúgbó, irin tútù lásán ni ọkọ̀ náà ìbá jẹ́ lójú wọn. Ẹni tí ó ti lo ọdún púpọ̀ lórí bí àwọn mọ́ńkì ṣe ń tọ́jú ìmọ̀ láti ìran dé ìran ni ó kọ ìwé yìí, a kò sì gbà pé ọ̀tọ̀ ni òpìtàn, ọ̀tọ̀ ni asọ̀tàn.

Àṣírí tú

Ní 1982, wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Ìjọba Sófíẹ́tì nítorí fíìmù méjì tí ó kọ ọ̀rọ̀ inú wọn, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ fíìmù tí wọ́n fi àwòrán yíyà ṣe nípa ìrìnàjò Alisa. Ìjọba kì í fún orúkọ ìnagijẹ ní ẹ̀bùn, nítorí náà orúkọ gidi jáde. Ọdún kan péré ni ó ti gba oyè tí ó ga jù. Wọn kò lé e níbi iṣẹ́. Ní 1985, tẹlifíṣàn gbé eré alápá márùn-ún kan sáfẹ́fẹ́ láti inú ìwé rẹ̀ ti 1978 nípa bí Alisa ṣe wá sí Moscow ìgbà náà, gbogbo ọmọdé orílẹ̀-èdè náà sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Kò fi iṣẹ́ ìtàn sílẹ̀. Ní 1989, Mozheiko gbé ìwé kan jáde lórí ọdún 1185, tí ó fi ń to ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Éṣíà àti Yúróòpù nígbà kan náà jọ. Lẹ́yìn tí Sófíẹ́tì túká, ó kọ ọ̀wọ́ ìwé kan tí ó pè ní Odò Kronos, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń kọjá láti ìgbà kan sí òmíràn láàárín wàhálà ọdún 1917. Ibẹ̀ ni òpìtàn àti asọ̀tàn ti jókòó pọ̀ ní gbangba. Ó kú ní Moscow ní ọjọ́ 5, oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ọdún 2003. Ní 2024, fíìmù tuntun jáde ní Rọ́ṣíà láti inú ìwé ọdún 1978 náà.