Gàrí, àkàrà, wàgàsì: ta ni ó ni oúnjẹ?

Ìtàn ni a tún gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n inú ìkòkò ni ìtàn náà wà.

Ohun tí ó fà á rèé. Ní kíláàsì wa ní Sakété, a ní kí àwọn ọmọ kọ orúkọ oúnjẹ ìbílẹ̀ mẹ́wàá. Wọ́n kọ iyán, gàrí, ẹ̀kọ, àkàrà, wọ́n kọ wàgàsì pẹ̀lú. Bí ẹnì kan ṣe ka wàgàsì síta, ọmọkùnrin kan dáhùn pé: "Ìyẹn kì í ṣe tiwa, ti àwọn Fúlàní ni. Kí wọ́n gbé e padà sí ibi tí wọ́n ti wá!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn tí kò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ni ó ń ta wàgàsì lọ́jà. Ó kàn rọra pa ìwé rẹ̀ dé.

A pa iṣẹ́ tí ó kàn tì. A ní, ó dára, ẹ jẹ́ kí a mú oúnjẹ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a bi í pé: níbo ni ìwọ náà ti wá?

A bẹ̀rẹ̀ lórí gàrí, nítorí gbogbo wọn ló búra pé tiwa ni. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, àwọn Potogí ni wọ́n sì gbé e sọdá òkun. Irú ẹ̀gẹ́ kan wà tí ó ní májèlé nínú. Ẹni tí yóò jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń rin ín, bí a ṣe ń fún omi rẹ̀ dànù, àti bí a ṣe ń yan án lórí iná. Nínú àwọn tí ó tan ìmọ̀ yìí káàkiri etí òkun wa ni àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíìlì padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ẹ rántí ìtàn wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn ẹrú àti òmìnira tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìde ogun ní Bahia. Ogun náà kò yọrí sí rere. Ìjọba lé àwọn kan kúrò nílùú, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọ ọkọ̀ padà. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgúẹ́, Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Ọmọ wa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé, àlejò ni a kà wọ́n sí: aṣọ wọn yàtọ̀, èdè Potogí wà lẹ́nu wọn, oúnjẹ wọn ń ta sánsán mìíràn. Lónìí ńkọ́? Ní Àjàṣẹ́, nígbà àjọ̀dún Bonfim ní oṣù kìn-ín-ní, feijoada, ẹ̀wà tí a fi ẹran sè, ṣì ń jáde nínú ìkòkò àwọn ọmọ ọmọ wọn, Burian sì ń jó. Ní Èkó, bí Ọjọ́ Ẹtì Rere bá kò, fírẹ́jọ̀n ni, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè. Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé kí wọ́n gbé e padà.

A bọ́ sórí ẹ̀kọ. Àgbàdo náà, Amẹ́ríkà ni ó ti wá, lẹ́yìn tí àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í rìnrìn-àjò lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró níwájú àgbà kan ní Pobè kí ó sọ fún un pé ẹ̀kọ kì í ṣe tiwa?

Búrẹ́dì wá ńkọ́? Ní ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà sí àárín wa, búrẹ́dì pàápàá sì pín sí méjì. Lọ́dọ̀ tiwa, búrẹ́dì gígùn àwọn Faransé ni. Lọ́hùn-ún, ọkùnrin ará Jàmáíkà kan wà tí ó ń jẹ́ Amos Shackleford. Ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1913 láti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, lẹ́yìn náà ni ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó. Ó wà lára àwọn tí ó sọ búrẹ́dì di oúnjẹ gbogbo ìdílé níbẹ̀. Àlejò ni òun náà.

Ìgbà tí ó kan àkàrà, inú àwọn ọmọ dùn, nítorí òun ni ó ti ọ̀dọ̀ wa jáde. Àwọn ìyá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Bahia. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀: "àkàrà" àti "jẹ" ni wọ́n so pọ̀. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in. Ẹ̀yin ará Pobè, ìlú ọ̀pẹ, ẹ mọ òórùn rẹ̀ dáadáa. Àwọn obìnrin tí ń kiri oúnjẹ ní ìgboro Bahia wà tí wọ́n fi èrè ọjà wọn ra ara wọn padà kúrò lóko ẹrú. Ní ọdún 2005, ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà Bahia sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ń bọ̀, òfin FIFA fẹ́ lé wọn jìnnà sí pápá ìṣeré. Wọ́n fi aṣọ funfun wọn jáde, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, a sì gbà fún àwọn kan nínú wọn láti tà á níbẹ̀ ní 2013.

Ọmọ kan ní: "Mùsé, ìyẹn ni pé àwa náà jẹ́ àlejò níbòmíràn?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. A sì fi ti àwọn ará Ṣáínà ní Amẹ́ríkà kún un. Ní ọdún 1882, òfin kan ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ní 1915, ilé ẹjọ́ gbà pé ẹni tí ó ní ilé oúnjẹ lè jẹ́ oníṣòwò lójú òfin, kí ó lè lọ kí ó sì bọ̀. Ilé oúnjẹ wọn bá ń pọ̀ sí i láti ìlú dé ìlú. Àwọn ìdílé Amẹ́ríkà ń jókòó ti oúnjẹ Ṣáínà nígbà tí òfin ṣì ń sọ pé kí àwọn ará Ṣáínà má wọlé. Ọdún 1943 ni wọ́n tó fagi lé e. Ènìyàn lè fẹ́ràn ọbẹ̀ kí ó kórìíra ẹni tí ó sè é.

Ìyẹn ni ó gbé wa padà sórí wàgàsì. Lọ́dọ̀ wa, ta ni kò jẹ ẹ́ rí níbi ìnáwó, nínú ọbẹ̀ ata, nígbà tí ẹja wọ́n? A mọ̀ pé ẹjọ́ wà láàárín àgbẹ̀ àti darandaran. Màlúù ń jẹ oko, oko tí ó bàjẹ́ sì ń dun olóko. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bá ẹni tí ó da màlúù wọ oko ro ẹjọ́ màlúù. Ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì kò jẹ oko ẹnikẹ́ni.

Ọmọkùnrin tí ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tọrọ àforíjì, a kò sì fipá mú un. Ìbéèrè ni ó béèrè: "Báwo ni wàrà ṣe ń dì?" Kíláàsì wò wá. Àwa náà wo ìjókòó ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin náà pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dìde. Ó ní ìyá òun máa ń gbé wàrà màlúù kaná, yóò gún ewé bomubomu, yóò sẹ́ omi rẹ̀ sí i, wàrà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó pupa, pòpó ọkà bàbà ni wọ́n ń fi sè é. Ó ṣàlàyé rẹ̀ tán kí aago tó lù. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wo inú ìkòkò yín lónìí. Èwo ni àlejò gbé wá nínú rẹ̀? Ta sì ni ó kọ́ ìyá yín bí a ṣe ń sè é? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa, a ó kà á fún àwọn ọmọ.