Ìgérán, Àrokò, Apanilẹ́numọ́: Orúkọ Yorùbá fún Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Ẹran Ọkàn

Ìwé ìléwọ́ kan tí wọ́n ń pín fún àwọn aláìsàn bọ́ sí mi lọ́wọ́, ojú ìwé kìíní rẹ̀ ló sì ti bí mi nínú. Àìsàn tí ọkàn kò fi lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ mọ́, "ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn" ni wọ́n pè é. Ta ni kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nílẹ̀ Yorùbá? Ẹni tí wọ́n já kulẹ̀ ló ní in, àti ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni oògùn rẹ̀. Ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn lóru nítorí pé èémí ń há a, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, yóò sì rò pé wọ́n ní kí òun túra ká ni. Bẹ́ẹ̀ gbólóhùn tó bá a mu wà lẹ́nu wa: ọkàn náà kò kájú iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Àìkájú-iṣẹ́ ọkàn. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ èyí tí yóò ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ọ̀nà ti là tipẹ́. Ní 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá. Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé wọn dá lé, ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n lò kò mọ sórí gírámà. A sì ti rí i tó ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìlera: "ẹ̀jẹ̀ ríru" ti di ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ rédíò, kò sí ẹni tó ń rò ó mọ́ pé ẹnì kan ló ṣẹ̀dá rẹ̀.

Ìlànà tèmi kò le. Orúkọ ohun, a lè yá a. Iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe, ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá ni kó sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí DNA àti RNA máa jẹ́ orúkọ wọn; àwọn bàbá tó ń du ọmọ ti sọ "àyẹ̀wò DNA" di ọ̀rọ̀ ilé. Sẹ́ẹ̀lì ń kọ́? Ó dára. Purotéènì? Ó dára. Jẹ́ẹ̀nì nìkan ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ń pè é ní àbùdá. Lẹ́nu àwọn olùkọ́ Yorùbá, àbùdá ni ohun tí a fi ń dá nǹkan mọ̀: àbùdá ewì, àbùdá ìtàn àròsọ. Ohun tí ojú rí ni. Gíga ọmọ àti àwọ̀ rẹ̀, àbùdá nìyẹn. Jẹ́ẹ̀nì ni ohun tó wà nísàlẹ̀ tó mú wọn jáde. Bí a bá fún àwọn méjèèjì ní orúkọ kan ṣoṣo, báwo ni a ó ṣe wí fún ẹbí kan pé jẹ́ẹ̀nì àìsàn wà lára ọmọ wọn tí àbùdá rẹ̀ kò tíì yọjú?

Ó wá kan àìsàn tí mo tìtorí rẹ̀ gbé gègé. Ìwé ìléwọ́ yẹn pè é ní "àrùn iṣan ọkàn", ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sì rò pé ó tọ̀nà. Kò tọ̀nà. Iṣan nínú èdè wa pọ̀ ju ẹyọ kan lọ: iṣan ẹ̀jẹ̀ wà, iṣan tó ń fa ènìyàn lọ́rùn wà, bẹ́ẹ̀ ni a tún ń pe èyí tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ ní iṣan. Bí a bá ní iṣan ọkàn, ohun tó kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú ọkàn, èyí tí ọ̀rá máa ń dí. Àrùn mìíràn pátápátá nìyẹn. Ní 1957, nígbà tí dókítà Wallace Brigden ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé orúkọ cardiomyopathy jáde, ohun tó ń wá ni orúkọ tí yóò ya àìsàn ara ọkàn fúnra rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá wá túmọ̀ rẹ̀ sí àrùn iṣan ọkàn ti da ohun tí Brigden yà sọ́tọ̀ pọ̀ padà.

Ẹran ni mo fara mọ́: àrùn ẹran ọkàn. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ alápatà ni. Alápatà gan-an ni ẹ̀rí mi. Ẹni tó bá ti la ọkàn màlúù rí mọ̀ pé ẹran ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó pọ́n, ó le, ó yí ihò mẹ́rin ká. Ó sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí òpó tó wọ inú rẹ̀. Ara wa náà, ẹran ara là ń pè é, a kò sì fi bú ara wa.

Láti ibẹ̀, ẹ̀yà àrùn náà kò fún wa ní wàhálà. Ọkàn tí ihò rẹ̀ gbòòrò tí ògiri rẹ̀ sì rọ̀: ọkàn fífẹ̀. Èyí tí ògiri rẹ̀ nípọn: ọkàn nínípọn. Èyí tí kò lè ṣí gba ẹ̀jẹ̀: ọkàn gígan. Èyí tó máa ń kọlu obìnrin lẹ́yìn ìbímọ tàbí ní ìparí oyún, tí àwọn dókítà Kano àti Zaria ti mọ̀ dáadáa, ẹ pè é ní àrùn ẹran ọkàn abiyamọ, kí a máa lọ.

RNA ló gba àròjinlẹ̀. Ní 1961, François Jacob àti Jacques Monod ní Paris sọ ọ̀kan nínú RNA ní ońṣẹ́, nítorí pé ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti inú kókó sẹ́ẹ̀lì lọ bá ríbósóòmù tó ń ṣe purotéènì. Àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ ń kọ "RNA òjíṣẹ́". N kò lè bá wọn jà púpọ̀, ṣùgbọ́n òjíṣẹ́ a máa fi ẹnu ara rẹ̀ kún iṣẹ́, a sì lè bi í léèrè ọ̀rọ̀. RNA yìí kò lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ tí a rán. Àwọn baba wa ní ohun tó rí bẹ́ẹ̀, àrokò ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á sín ẹyọ owó mẹ́fà sókùn, wọ́n á fi ránṣẹ́. Ẹni tó gbà á á ka ẹ̀fà, á gbọ́ "fà" níbẹ̀, á mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí òun. Ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé a jọ mọ ọ̀rọ̀ náà bákan náà. Iye ló ń di ohùn, ohùn sì ń di ìtumọ̀. Ẹ wo RNA: lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni ríbósóòmù ń kà, UUU ń pe phenylalanine, ọ̀kan nínú ègé tí a fi ń to purotéènì, bí Marshall Nirenberg àti Heinrich Matthaei ṣe tú u ní 1961 kan náà, AUG sì ń sọ pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. RNA àrokò ni. Èyí tó ń so lẹ́tà mẹ́ta mọ́ ohun tí wọ́n ń pè, ògbufọ̀ ni: RNA ògbufọ̀. N kò rí ẹni tí yóò bá mi jiyàn lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí àrokò tó jáde, wọ́n ń gé e. Ní 1977 ni àwọn olùwádìí tí Phillip Sharp àti Richard Roberts ṣáájú rí i pé RNA máa ń gùn ju ohun tí a ó kà lọ. Wọ́n á gé àwọn ibì kan kúrò, wọ́n á sì so ìyókù pọ̀. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ lé e ní 1993. "Ìsopọ̀" ni mo rí níbì kan gẹ́gẹ́ bí orúkọ iṣẹ́ yìí, ìdajì rẹ̀ péré nìyẹn. Àwọn onímọ̀ èdè lè ní kí a lo "ìpajẹ", bí a ṣe ń pa fáwẹ́lì jẹ nígbà tí "gbé ọmọ" di "gbọ́mọ". Ìdajì kejì nìyẹn náà. Télọ̀ ló mọ iṣẹ́ yìí délẹ̀: ó ń gé, ó ń rán. Èdè wa sì fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ ìṣe máa to tẹ̀ lé ara wọn kí wọ́n tó di orúkọ: gbé, yẹ̀, wò: àgbéyẹ̀wò; tún, ṣe: àtúnṣe. Gé, rán: ìgérán.

Ẹnì kan sọ fún mi pé gígé ẹran ni òun gbọ́. Rárá o. "Gé ẹran" á di "gẹ́ran", fáwẹ́lì rẹ̀ á yí padà, ohùn àárín ni á sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìgérán lọ sókè. Mo tún rí èrè kan tí n kò wá: rán kan náà ni a fi ń ránni níṣẹ́. RNA tí a ti gé tí a ti rán pọ̀ yìí ni sẹ́ẹ̀lì ń rán jáde kúrò nínú kókó.

Walter Gilbert ló sọ àwọn ègé náà lórúkọ ní 1978, intron fún èyí tó kúrò, exon fún èyí tó dúró. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ "àgésọnù" fún intron. Ohun tó dá mi dúró ni miR-208a, RNA kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹran ọkàn: inú intron jẹ́ẹ̀nì MYH6 ló ti ń wá. Ohun tí a gé kúrò tó tún wúlò, a kò lè ní a sọ ọ́ nù. Àgéyọ ló tọ́. Èyí tó dúró, àgékù. Wọ́n á ní àgékù jọ àjẹkù, kò níyì. Àjẹkù kò níyì nítorí pé ohun tó dùn ti lọ sí ikùn. Nínú ìgérán, èyí tó kù gan-an ni a ń wá.

Ibi tí ìgérán ti kan ọkàn ni purotéènì titin, tí a fi orúkọ àwọn òmìrán ilẹ̀ Gíríìkì sọ. Òun ló tóbi jù nínú gbogbo purotéènì tí a mọ̀ lára ènìyàn, ó lé ní 34,000 ègé amino acid, òun ló sì ń mú kí ẹran ọkàn nà, kó sì padà. Àgékù jẹ́ẹ̀nì rẹ̀ lé ní 300. Ìwádìí tó jáde ní 2012 fi hàn pé nínú ọkàn fífẹ̀ tó ń rìn nínú ìdílé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni àṣìṣe tó ń ké titin kúrú ń fà. RBM20 sì ni purotéènì tó ń darí ìgérán titin. Bó bá bàjẹ́, àgékù tó yẹ kó kúrò á dúró, titin á gùn jù, á dẹ̀.

Ó ku ọ̀kan. Andrew Fire àti Craig Mello fi hàn ní 1998 pé RNA olókùn méjì lè mú kí jẹ́ẹ̀nì dákẹ́. Nobel tiwọn jẹ́ ti 2006. "Ìdènà RNA" ni wọ́n ń pè é. Ta ló ń dènà ta? Yorùbá ní: ó pa á lẹ́nu mọ́. RNA apanilẹ́numọ́. Àrokò ti jáde, a kò kàn jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Purotéènì kan wà, transthyretin, tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe. Bó bá tú ká, á dì sínú ẹran ọkàn, ọkàn á gan. Ìyípadà jẹ́ẹ̀nì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní V122I ṣẹ̀ wá láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì wà lára ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹta 2025, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí vutrisiran fún àrùn ọkàn yìí: abẹ́rẹ́ kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, tó ń pa àrokò transthyretin lẹ́nu mọ́ nínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé fún aláìsàn, ẹ má kọ ìdènà mọ́. Ẹ kọ apanilẹ́numọ́, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i.